Kì í Ṣe Epo Ló Pa Àrínọlá

Rilwan, gbé omi yẹn kalẹ̀ ná. Tí mo bá mu omi nílé rẹ kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá, ìtìjú tó wà lára mi á tún lé sí i ni. Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo ti gbìyànjú láti gbé e lọ sí ibojì, kò gbà fún mi. Òní ni yóò jáde. Ọlọ́runtóbi ti gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó ní ohùn mi ń wọlé dáadáa, nítorí náà màá sọ ọ́ bí ìgbà tí mo ń bá ẹni tí kò mọ̀ mí rí sọ̀rọ̀, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn tí mo bá ti lọ má ṣì mí gbọ́. Orúkọ mi ni Titus Adémúyìwá. Àpòmù ni ilé mi wà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí gbogbo Ìkirè àti Àpòmù fi ń pè mí ní Tíṣà. Ọkàn mi ti wú. Dókítà tó ń tọ́jú mi fi àwòrán rẹ̀ hàn mí, ó ní kí n má gun àtẹ̀gùn, kí n má gbé ohun tó wúwo, kí n má sì máa ronú jù. Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín. Tí mo bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ẹ má jáyà, èémí ni mo ń wá.

Obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ní òun ò ní wọlé, Ṣìkẹ́mi ni. Òun ni ẹ̀gbọ́n Àrínọlá, ìyàwó Rilwan tó di olóògbé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá nígbà yẹn á mọ àtíbàbà Ṣìkẹ́mi, onípákó àti páànù, ní ọwọ́ ọ̀tún kí èèyàn tó jáde ní Ìkirè. Dodo ló ń dín níbẹ̀, Àrínọlá sì ń bá a ṣe é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dúdú ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á fi epo pupa dín in, bọ́ọ̀sì ò sì ní tíì dúró tán tí Ṣìkẹ́mi á fi ti sáré gbé àtẹ dé ojú fèrèsé rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń rà á. Ọjọ́ kan, mo rí i pé ọwọ́ òsì ló fi ń fún mi ní dodo, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Tíṣà, apá ọ̀tún yìí kì í ṣe tèmi mọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbé e dìde lórí ẹní.” Odó ló ṣe é bẹ́ẹ̀, ogún ọdún tó ti ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ti ra ẹ̀rọ kan tó ń fi bẹntiróòlù lọ nǹkan rí, àmọ́ nígbà tí bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n gógó, ó gbé e pamọ́, ó padà sídìí odó. Iná mànàmáná ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe ń wá. Mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní, “Ṣìkẹ́mi, màá ṣe ẹ̀rọ kan fún ọ tí kò ní mu epo, tí kò sì ní dúró de iná ìjọba.” Kò bẹ̀ mí. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́.

Mo ṣe é dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ yin ara mi, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tí ohun gbogbo yé ló ṣe ohun tí mo máa sọ yìí. Inú bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti bàjẹ́ ni mo ti yọ àwọn ọmọ bátìrì lítíọ́mù, àwọn kéékèèké tó gùn tó ìka ọwọ́. Àádọ́rùn-ún ni mo kó jọ, ogójì péré ni mo lò. Èyí tó bá ti tẹ̀, tàbí tó ti dípẹtà, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀. Mo rọ iná sí àwọn tó kù, mo tò wọ́n sórí tábìlì tí a fi ń jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì ń fi mítà wọ̀n wọ́n láràárọ̀. Èyí tí iná rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ kankan, mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ti bàjẹ́, mo sọ ọ́ nù. Fọláṣẹwà ìyàwó mi ń gbé abọ́ oúnjẹ lé itan jẹun ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ní, “Bàbá Jason, ṣé ẹ̀yin lẹ bí àwọn bátìrì yìí ni?” Mo tò wọ́n ní mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀wọ́ mẹ́wàá, mo fi páálí bo ibi tó yẹ kí irin má baà kan irin. Mi ò jó léèdì mọ́ wọn lára rárá, torí ooru rẹ̀ á ba inú wọn jẹ́. Mo lọ yá ẹ̀rọ tó ń lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fi fíúùsì sí i. Paríparí rẹ̀, mo fi bọ́ọ̀dù kékeré kan sí i, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní BMS. Iṣẹ́ bọ́ọ̀dù yẹn ni kó máa ṣọ́ ọ̀wọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Tí ọ̀kan nínú wọn bá kún jù, á gé iná tó ń wọlé. Tí ọ̀kan bá rẹ̀ jù, á gé iná tó ń jáde. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sínú àpótí irin, mo so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì oníná tó ń yí abẹ tó ń lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo kìlọ̀ fún àwọn méjèèjì pé nígbàkigbà tí iná bá dé, ìta ni kí wọ́n ti máa ṣájì rẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì, níbi tó jìnnà sí iná àti epo, níṣojú wọn. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró, mi ò ní ní ẹjọ́ kankan tí mo máa rò lónìí.

Oṣù mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Apá Ṣìkẹ́mi rọ̀, ó tún ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún mi ní dodo. Àwọn èèyàn ń wá wò ó. Rẹ́fúrẹ́ndì Barnabas, ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ dárúkọ mi lórí àga ìwàásù pé èèyàn lè fẹ̀yìn tì kó má fẹ̀yìn ti ọmọ aráyé. Ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Ṣìkẹ́mi àti Àrínọlá pé, “Ẹ tọ́jú ẹ̀rọ yìí bí ọmọ yín o. Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Ọ̀ṣun.” Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan láti Òṣogbo ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo ẹ̀rọ náà lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Tí wọ́n bá da ọ̀gẹ̀dẹ̀ púpọ̀ sí i, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á dákẹ́. Àwọn awakọ̀ tó ń rajà níbẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú wọn yọ orí láti ojú fèrèsé nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀rọ yín ti rẹ̀ o, ẹ ra pàrágà fún un!” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì gbé ẹ̀rọ náà sínú mọ́tò mi.

Mo tú àpótí náà nílé, mo fi mítà wọ̀n ọ́n. Ọ̀wọ́ kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ti gbé ẹrù tó wúwo, iná ọ̀wọ́ yẹn á já wálẹ̀, bọ́ọ̀dù á sì gé e. Bọ́ọ̀dù kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tí mo ní kó máa ṣe ló ń ṣe. Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ṣòro: kí n yọ ọ̀wọ́ yẹn, kí n wá mẹ́rin mìíràn, kí n dán wọn wò fún ọ̀sẹ̀ méjì bí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀. Mo lè tẹ àwọn obìnrin Òṣogbo láago pé kí wọ́n wá lóṣù tó ń bọ̀. Èémí mélòó ni ìyẹn á gbà lẹ́nu mi? Mi ò tẹ̀ wọ́n láago. Mo mú wáyà pupa kan tó nípọn, tí kò gùn ju ìka mi lọ, mo fi so ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà wọ bọ́ọ̀dù pọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde, mo jó léèdì mọ́ ọn lórí méjèèjì. Láti ọjọ́ yẹn, bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀ lásán. Ìgbà tí iná ń jáde ni o, ìgbà tí iná ń wọlé ni o, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ bátìrì náà mọ́. Mo mọ̀. Físíìsì ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ọmọ bátìrì tó ti rẹ̀, tí wọ́n tún ń fà kọjá agbára rẹ̀, tí wọ́n sì ń rọ iná sí kọjá ìwọ̀n, ọjọ́ kan ló ń dúró dè. Mo ní lọ́kàn mi pé tí àwọn àlejò bá ti lọ, màá yọ wáyà náà. Mo gbé ẹ̀rọ padà fún Ṣìkẹ́mi. Ó bi mí pé, “Ṣé ó ti dáa báyìí, Tíṣà?” Mo ní, “Mo ti tún un ṣe.”

Àwọn àlejò wá, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ bí ẹṣin, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n yà wá ní fọ́tò. Èmi ni mo wà láàárín. Wọ́n lọ, mi ò yọ wáyà. Lọ́jọ́ kejì mo ní ọ̀la ni. Lọ́jọ́ kẹta a lọ síbi ìsìnkú kan ní Gbọ̀ngán. Ẹ̀rọ náà wá ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò dákú mọ́, àwọn awakọ̀ ti pa ẹnu mọ́, ni mo bá ń fi ọ̀la ti ọ̀la. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo kọjá níbẹ̀, Àrínọlá sì pè mí. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, àpótí bátìrì yìí máa ń gbóná o, tá a bá ń ṣájì ẹ̀. Ó tún ń rùn, bí ọ̀dà tí wọ́n kùn sára ilẹ̀kùn.” Rilwan, ìyàwó rẹ sọ fún mi. Ojú mi ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Òórùn yẹn ni òórùn ọmọ bátìrì tó ti ń tú. Ọmọ ilé ìwé mi ìgbà kan ì bá ti sọ fún mi pé kí n já wáyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ tí mo bá tú àpótí yẹn níbẹ̀, wọ́n á rí wáyà pupa, wọ́n á bi mí pé kí ni. Mo ní, “Oòrùn ló ń pa á níta. Ẹ máa gbé e sábẹ́ òrùlé.” Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Ó gbé e wọnú àtíbàbà, ó gbé e ka orí àga pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀ẹ̀gì epo.

Ọjọ́ Sátidé ló ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Ìyá ọlọ́sàn tó wà lódìkejì títì ló rí gbogbo rẹ̀, òun ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní bọ́ọ̀sì ńlá kan dúró, Ṣìkẹ́mi gbé àtẹ, ó sáré tọ̀ ọ́. Agbada epo wà lórí iná, bátìrì sì wà lórí ṣájà. Àrínọlá wà níta, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ ìró kan, ó rí èéfín funfun tó ń jáde láàárín pákó. Níta ló wà o. Kò sí ohun tó lè ṣe é níbẹ̀. Ìyá ọlọ́sàn pariwo pé kó sá. Àrínọlá pariwo padà pé, “Ẹ̀rọ Tíṣà wà nínú ilé!” Ó wọlé. Ó gbé àpótí yẹn mọ́ àyà, ó ń gbé e bọ̀, àwọn ọmọ bátìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú lọ́kọ̀ọ̀kan bíi bánga ọdún, níbi tó gbé e mọ́. Epo tó wà nílẹ̀ gbiná lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé láti Àpòmù, wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ pa iná. Wọ́n ti gbé Àrínọlá lọ sílé ìwòsàn, gbogbo èèyàn sì ti tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò. Ó kú lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀.

Mi ò tíì dé ibi tó burú. Nígbà tí mo dé àtíbàbà yẹn, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ní àánú lójú á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sílé ìwòsàn. Èmi, mo wá àpò tí wọ́n fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa àwọn ọmọ bátìrì tó jóná nínú eérú. Mo ń kà wọ́n bí mo ti ń ṣà wọ́n. Méjìdínlógójì ni mo rí. Mo rí bọ́ọ̀dù pẹ̀lú, ó ti yọ́, wáyà pupa ti di dúdú, àmọ́ ó ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú bùùtù mọ́tò mi, mo gbé e lọ sílé, mo jù ú sínú ṣáláńgá àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Fọláṣẹwà dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí. Ó ní, “Bàbá Jason, kí lẹ jù sínú ibẹ̀ yẹn?” Mo sọ fún un. Òun nìkan ni mo sọ fún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó ní, “Ẹ máa sọ fún wọn, àbí?” Mo ní tí mo bá sọ, ẹ̀wọ̀n ni, ṣé ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ kú sí ẹ̀wọ̀n ni? Kò tún bi mí mọ́. Ẹ má bínú sí i. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń jẹun láìsọ̀rọ̀.

Rilwan, ìwọ fúnra rẹ lo bi mí. Ọjọ́ kẹjọ ni, lẹ́yìn fídáù, àwọn àfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. O ní, “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí. Ẹ sọ ohun tó fa iná yẹn fún mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀.” Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń wo ẹnu mi. Mo lo ohùn tí mo fi ń kọ́ni. Mo ní, “Epo ni. Epo tó bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n á gbiná fúnra rẹ̀, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn fi agbada sílẹ̀ lórí iná.” Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́, kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́, irọ́ sì ni mo fi gbogbo rẹ̀ pa. O yíjú sí Ṣìkẹ́mi. O ní, “Ẹ gbọ́ ohun tí Tíṣà sọ? Ẹ fi epo sórí iná, ẹ sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì. Ẹ ò gbọdọ̀ wá sílé mi mọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ fojú kan ọmọ mi mọ́.” Ṣìkẹ́mi ò bímọ. Ọlámijù, ọmọ Àrínọlá, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà yẹn, ẹ̀yìn Ṣìkẹ́mi ló máa ń sùn sí nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ṣìkẹ́mi ò jiyàn. Ó gbé ìborùn rẹ̀, ó jáde. Mo jókòó síbẹ̀, mo tún ṣe àmín sí àdúrà tó kẹ́yìn.

Ṣìkẹ́mi wá bá mi ní Àpòmù lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Ó ti rù. Ó gbé iṣu mẹ́ta wá, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, mo ní kó dìde, kò dìde. Ó ní, “Tíṣà, mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ fi ọwọ́ yín ṣe ẹ̀rọ fún mi, ẹ ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, mo wá fi àìbìkítà mi jó o. Mo pa àbúrò mi, mo tún ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gégùn-ún fún mi.” Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Àwa méjì péré ló wà níbẹ̀. Kì bá tí gbà ju gbólóhùn kan lọ. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní, “Mo ti foríjì ọ́, Ṣìkẹ́mi. Máa lọ, má dẹ́ṣẹ̀ mọ́.” Ó sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. A jẹ iṣu náà. Gbogbo ohun tí mo ti sọ láti àárọ̀, mo lè wá àwáwí díẹ̀ fún un: ìgbéraga ni, ìbẹ̀rù ni, ọ̀lẹ ni. Ti ọjọ́ yẹn, mo ti wá orúkọ tí mo lè pè é, mi ò rí.

Kò dín dodo mọ́ láti ìgbà náà. Ó lọ sí Orílẹ̀-Òwu, ó ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Èmi sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, Ọlọ́runtóbi tó jókòó yìí wá kí mi. Mo kọ́ ọ nílé ìwé rí, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí ní Ìkirè, bátìrì ọ̀kadà oníná ló ń tò. Ó gbé ọ̀kan wá kí n lè yìn ín. Ó mọ́ lọ́wọ́, ó wù mí. Mo yí i padà, mo rí wáyà kan tó nípọn lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, wọ́n jó léèdì mọ́ ọn lórí méjèèjì. Mo ní, “Kí ni wáyà yìí?” Ó ní, “Sà, bọ́ọ̀dù yẹn máa ń gé iná tí ọ̀kadà bá ń gun òkè, àwọn oníbàárà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.” Mo ní kó yọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí ni, sà?” Mo gbé bátìrì náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbé bátìrì rẹ̀, ó lọ. Mo jókòó síbi tó fi mí sí láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Fọláṣẹwà ló gbé fóònù fún mi. Mo pe Ọlọ́runtóbi padà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì ó ti yọ wáyà lára ọ̀kadà mẹ́rin. Ó padà wá, ó dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Sà, èmi kọ́ ló yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún.”

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ọlọ́runtóbi gbé mi lọ sí Orílẹ̀-Òwu. Ṣìkẹ́mi wà láàárín òkìtì ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un bí mo ti ń sọ fún yín yìí. Kò ju ọ̀bẹ, kò pariwo. Ó bó ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè kan, ìyẹn nìkan ló sì bi mí títí tí mo fi kúrò níbẹ̀. Ó ní, “Ká ní mi ò tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì yẹn, ká ní mo dúró ti agbada mi, ṣé iná náà ò ní jó?” Mo ní, “Á jó. Kò sí ohun tí o lè ṣe sí i.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, “Ọdún méjì àtààbọ̀, Tíṣà. Ojoojúmọ́ ni mo ń padà sídìí agbada yẹn.” Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kí n má kúnlẹ̀, pé tí mo bá kúnlẹ̀ àwọn èèyàn á máa wò wá. Ó ní, “Ẹ lọ sọ ọ́ lójú Rilwan.”

Mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń to bátìrì, tí ẹ dúró síta yẹn, mi ò ní kí ẹ má ṣe é mọ́. Iṣẹ́ tó dáa ni, ó wo apá obìnrin kan sàn fún oṣù mẹ́rin. Ẹ kàn má gba ìkánjú láyè. Ọmọ bátìrì tí kò bá dá yín lójú, ẹ má lò ó. Tí bọ́ọ̀dù bá gé iná, nǹkan kan ló rí, ẹ wá ohun tó rí. Tó bá gbóná, tó bá ń rùn, ẹ já wáyà ṣájà rẹ̀, ẹ kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jó tó bá fẹ́ jó. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ ṣe é fún pé kó sá, pé ẹ̀rọ ni, pé ẹ lè ṣe òmíràn. Gbólóhùn yẹn ni mi ò sọ fún Àrínọlá.

Rilwan, tí o bá fẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, Jason ọmọ mi ló wa ọkọ̀ gbé mi wá, mo ti sọ fún un pé kó gbé wa lọ síbikíbi tó o bá ní. Mi ò wá tọrọ àforíjì lónìí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré lórí obìnrin kan tó kúnlẹ̀ níwájú mi, kò yọ lẹ́nu mi mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, kì í sì í ṣe tèmi. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọdé nínú yàrá yẹn. Bá mi pè é jáde. Kó má wá sọ́dọ̀ mi o, kó kọjá lára mi. Sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, pé kó lọ kí i.